Ta Ni A Ní Kó Kú? Àgbéyẹ̀wò Kíkú sí Ara Ẹni Láàárín Onígbàgbọ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ìgbìmọ̀ ìṣúná ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) fún iṣẹ́ ìhìnrere odò Ọya jókòó ìpàdé ní Onitsha. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther wà níbẹ̀. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó di àlùfáà ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Àwọn òyìnbó tó dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà kò ju ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú dúró lọ́kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, títí kan Dandeson, ọmọ bíbí inú rẹ̀, tó ń bójú tó àwọn ìjọ apá ìsàlẹ̀ odò. Bàbá yọwọ́ nínú ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891, ó kú ní Èkó.

Irú ènìyàn tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó wọ̀nyẹn jẹ́ ló mú kí n fi ìtàn yìí ṣíwájú. Ẹni tó bá rò pé aláfẹ́ ayé tàbí olówò tó fi ìsìn bojú ni wọ́n, ó ṣì wọ́n mọ̀. Graham Wilmot Brooke, tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, fi ìrọ̀rùn ilé baba rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ aṣọ bíi ti àwọn Hausa, ó sì ń gbé ní Lọ́kọ́ja bí ará ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó gbilẹ̀ ní ìpàdé ọdọọdún Keswick, tó bẹ̀rẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1875, ló ń jó nínú òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: pé kí Onígbàgbọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀ pátápátá, kí ìfẹ́ inú tirẹ̀ kú, kí Ẹ̀mí Mímọ́ gba àkóso. Wọn kò fi ẹnu lásán sọ ọ́. J. A. Robinson, tí òun pẹ̀lú Brooke jọ ṣe iṣẹ́ yìí, kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891. Brooke fúnra rẹ̀ kú níbẹ̀ ní 1892, kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Àwọn tó fi owó sílẹ̀, tí wọ́n fi ilé sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀mí ara wọn lélẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀ wọ́n fi bàbá arúgbó kan ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ Olúwa, nítorí ó dá wọn lójú pé ọ̀dọ̀ tiwọn ni ìwà mímọ́ wà. N kò sọ pé gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí àwọn òṣìṣẹ́ Crowther lẹ́sẹ̀ ni irọ́. Àwọn kan nínú wọn ń ṣòwò, àwọn kan sì hùwà tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ dá lẹ́jọ́ ni, aláìṣẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́ṣẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti sọ irú rẹ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, ní orí 13 ìwé kìn-ín-ní: ènìyàn lè fi ohun ìní rẹ̀ bọ́ òtòṣì tán, kó tún fi ara rẹ̀ fún iná, kó má sì rí èrè kankan gbà bí kò bá ní ìfẹ́. Ara lè kú kí “èmi” ṣì jókòó sórí àga ìdájọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le, n kò sì rò pé àwọn ìwàásù wa máa ń débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti ṣẹ̀. Gálátíà 2:20 ni ẹsẹ tí oníwàásù kì í fò, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní wọ́n ti kan òun mọ́ àgbélébùú pẹ̀lú Kristi. A ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé àárín ìjà ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Ẹsẹ 11 ló ti bẹ̀rẹ̀. Pétérù wà ní Áńtíókù, ó ń bá àwọn Kèfèrí tó gbàgbọ́ jẹun láìsí wàhálà. Àwọn kan dé láti Jerúsálẹ́mù, láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù. Pétérù bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra, ó kúrò nídìí tábìlì díẹ̀díẹ̀, àwọn Júù yòókù sì tẹ̀ lé e, títí kan Bánábà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ènìyàn jẹ́jẹ́. Pọ́ọ̀lù kò pe Pétérù sí kọ̀rọ̀. Ó bá a wí lójú gbogbo ìjọ. Inú àlàyé ìbáwí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ àgbélébùú ti wọlé. Ohun tó yẹ kó kú lára Pétérù lọ́jọ́ náà kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe aṣọ, kì í sì í ṣe oorun. Ìbẹ̀rù ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa wí ni. Àpọ́sítélì tó ti bá Olúwa rìn, tó ti jẹ pàṣán nítorí orúkọ Rẹ̀, ṣì ń wo ojú àwọn ará ilé kó tó bu òkèlè.

Kólósè ló tún là á yé wa jù. Ní ìparí orí kejì, Pọ́ọ̀lù ń fi àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ kan ṣẹ̀sín, àwọn tó ń pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí, kò gbọdọ̀ tọ́ tọ̀hún wò. Ó gbà pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jọ ọgbọ́n, ó jọ ìrẹ̀lẹ̀, ó sì ń jẹ ara níyà, ṣùgbọ́n kò ní agbára kankan láti ká ẹran ara lọ́wọ́ kò. Ẹ̀yìn èyí ló wá ka ohun tó yẹ kí a pa: àgbèrè, ìwà èérí, ojúkòkòrò tó pè ní ìbọ̀rìṣà, ìbínú, arankàn, ìbanilórúkọjẹ́, irọ́ pípa fún ara ẹni. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tí a ó gbé wọ̀: ìyọ́nú, inú rere, ìrẹ̀lẹ̀, sùúrù, ìdáríjì. Ẹ wo àkójọ méjèèjì dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀kan níbẹ̀ tí ènìyàn lè dá ṣe nínú yàrá tó tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá nǹkan ti kú tàbí kò tíì kú.

Lórí bóyá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ikú yìí ń ṣẹlẹ̀ tàbí lójoojúmọ́, àríyànjiyàn ti pẹ́. Róòmù orí 6 sọ ọ́ bí ohun tó ti parí nígbà ìrìbọmi. Lúùkù 9:23, ní tirẹ̀, fi ojoojúmọ́ kún gbígbé àgbélébùú, èyí tí kò sí nínú ìròyìn Máàkù. Luther, nínú Kátíkísìmù Kékeré rẹ̀ ti 1529, fi méjèèjì pọ̀: ìrìbọmi kan, ṣùgbọ́n kí á máa fi ìrònúpìwàdà ri ògbólógbòó Ádámù sínú omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Wesley retí ìfẹ́ pípé tí Ọlọ́run lè fún ènìyàn láyé níbí, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1766. Àwọn ará Keswick ń wá wákàtí ìjọ̀wọ́ ara ẹni. Ní tèmi, ẹni tó bá lè sọ ọjọ́, oṣù àti wákàtí tí ara rẹ̀ kú, ìyàwó rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ lọ bi.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kó tó da gbogbo rẹ̀ rú. Kíkú sí ara ẹni kì í ṣe pé kí ènìyàn má ní ìfẹ́ inú kankan mọ́. Ní Gẹtisémánì, Jésù ní ìfẹ́ inú tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ jáde: kò fẹ́ mu ago náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Mátíù ní ó gbàdúrà lórí rẹ̀. Ó wá fi ti Baba ṣíwájú tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́, kí ló fẹ́ jọ̀wọ́? Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ti àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ kan, sí ìwé kan, sí ẹni kan. Wọ́n ń tọ́ ọmọ tí kò ní mọ ohun tí òun fẹ́, tí yóò wá máa retí pé kí wòlíì sọ ọ́ fún òun.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìtàn ẹ̀kọ́ yìí ní ojú tirẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn olóró jà ní 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde nínú ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde. Joseph Shadare wà níbẹ̀, Sophia Ọdúnlámì náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yé ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ènìyàn gbé ara lé Ọlọ́run nìkan: kò sí àgbo, kò sí egbòogi òyìnbó, kò sí ohunkóhun tí ọkàn tún lè sá tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ wà nínú ohun tó lé wọn kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922. Ẹ má fojú kéré ohun tó ná wọn. Ìjọ ló ni ilé ìwé, ìjọ ló ni ibojì, ìjọ ló ni orúkọ rere ní ìlú nígbà náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé, ọmọ Odò-Ọwà tó ti kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ kó tó di awakọ̀ kátakátá tí P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, fi ń tẹ títì. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá 1928, ọkọ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkejì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní òun gbọ́ ohùn tó ń pe òun. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé lóṣooṣù lákòókò tí owó ṣọ̀wọ́n, ó gba ilé lọ, ó fi eérú kun ara, ó sì ń kéde káàkiri ìlú bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbayì láàná, tí àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé lẹ́yìn lónìí. Ní 1930, ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn rọ́ wá bá a, wọ́n kó ère àti oògùn wọn dànù. Ní 1932, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní.

Ẹ̀kọ́ tó bí gbogbo èyí náà ló tún bí ìjà kùnínì, mo sì máa ń yà sí ìtàn yẹn pẹ́. Àwọn Aládùúrà wọ̀nyí ti pe àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, kí wọ́n wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Láìpẹ́, àwọn tiwa rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kùnínì kí ibà má baà pa wọ́n. Ẹ̀rù bà wọ́n: ẹni tó ní Ọlọ́run ń wo àìsàn, tó ń gbé hóró kùnínì mì ní kọ̀rọ̀? Àwọn òyìnbó náà ní ìwòsàn àtọ̀runwá kò dí wọn lọ́wọ́ láti ṣọ́ra fún àìsàn tí ara wọn kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tán, ó sì wà lára ohun tó yà wọ́n sí méjì, tí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) fi dá dúró, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943. Ta ló kú sí ara rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Àwọn tiwa fi ìlera wọn lélẹ̀ pátápátá, ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n bi í báyìí: nígbà tí kíkọ egbòogi bá ti di ohun tí a fi ń mọ ẹni tó ju ẹlòmíràn lọ nínú ìgbàgbọ́, ṣé kì í ṣe pé a ti kọ́ ilé tuntun fún “èmi” ni?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé dandan ni kí ipò ba ènìyàn jẹ́. Isaac Akínyẹlé wà lára àwọn òpó tó gbé CAC ró, ó kọ ìtàn Ìbàdàn, ó jẹ Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí oyè títí tó fi kú ní 1964. Oyè kò ní kó fi àdúrà sílẹ̀. Adé lè wà lórí kí orí má wú.

Láàárín ọdún 1960 sí 1980, ilé ìwé girama àti yunifásítì ni iná ẹ̀kọ́ yìí ti jó. Scripture Union wọ àwọn ilé ìwé, débi pé “S.U.” di orúkọ tí a ń pe irú ènìyàn kan: tí ọmọbìnrin bá ti yọ yẹtí, tó ti gbé gèlè tàbí fìlà lé irun tí kò lọ́ṣọ̀ọ́, tí ọmọkùnrin bá ti kọ pátì sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní “ó ti di S.U.” William Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1973, èyí tó di ìjọ Deeper Life. Wọn kò lo ohun ọ̀ṣọ́, obìnrin wọn kò wọ ṣòkòtò, fún ìgbà pípẹ́ ni wọn kò sì gba tẹlifíṣọ̀n láyè nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n óò sọ ti wọn: láyé tí rìbá ti di àṣà nílé iṣẹ́ ìjọba, àwọn ọ̀gá tí kò bá wọn ṣe ìjọ kan náà máa ń wá ọmọ ìjọ wọn láti fi ṣe akápò. Ìyẹn kò ti ara yẹtí tí wọ́n yọ wá. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ pé kí ènìyàn dá ohun tó jí padà, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó rẹ́ jẹ, ló ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn kan dá ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi màgòmágó gbà padà. Yẹtí rọrùn láti yọ ju ìwé ẹ̀rí lọ.

Ìgbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, tí owó oṣù kò tó gbọ́ bùkátà mọ́, orin ìwàásù yí padà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ. Wọ́n fi ìtẹ̀síwájú, àṣeyọrí àti ìbísí síwájú. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ẹni tí ebi ti ń pa, tí kò rí owó ilé ìwé ọmọ san, bí o bá ní kó kú sí ara rẹ̀, yóò bi ọ́ pé ewo ló kù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ẹ̀kọ́ méjèèjì ṣe bára wọn gbé nínú ìjọ kan náà láìjà: ní oṣù kìn-ín-ní, àwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, àwẹ̀ gbígbẹ pàápàá, kí ẹran ara lè kú, ní òpin rẹ̀, ìwé àdúrà tí a kọ ilé, ọkọ̀ àti físà sí. A ti sọ ìjẹ-ara-níyà di owó tí a fi ń ra nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wòlíì Àìsáyà ti bá àwọn ará ìgbà rẹ̀ wí lórí àwẹ̀ irú èyí, ní orí 58: wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń fojú àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbolẹ̀ lọ́jọ́ àwẹ̀ gan-an.

Ẹ tún wọ inú ìjọ tiwa ní ọjọ́ ìkórè. Baba Ìkórè kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ẹbí, ìlù ń lù, a ń pe orúkọ, a ń pe iye. Àwọn tí owó wọn pọ̀ á ṣíwájú, opó tó mú ẹ̀wù ọ̀wọ́n rẹ̀ ta kó lè rí nǹkan mú wá, a ó pè é nígbà tí ilé ìjọsìn ti ń tú. Oyè wà pẹ̀lú: Baba Ìjọ, Ìyá Ìjọ, Baba Ẹgbẹ́ Akọrin. Mo ti rí ìjọ tí oyè Baba Ìjọ tú ká. Àwọn tó sì ti rìnrìn àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù, ilẹ̀ tí Olúwa ti bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ tó sì wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn, wọ́n padà dé pẹ̀lú “J.P.” (Jerusalem Pilgrim) nídìí orúkọ wọn. Bí o bá gbàgbé láti pè é, ojú wọn á sọ fún ọ. Èmi ò ní kí a má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n Mátíù orí 6 sọ ti ọrẹ, ti àdúrà, ti àwẹ̀, ohun kan náà ló sì sọ nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: kí a fi wọ́n pamọ́. Àwẹ̀ tí a fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ti rí èrè rẹ̀ gbà.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti jókòó díẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń pa aláìṣẹ̀. Ta ni a sábà máa ń ní kó kú sí ara rẹ̀? Ẹ lọ sí yàrá ìgbaninímọ̀ràn lẹ́yìn ìsìn. Obìnrin kan jókòó, ó ti sunkún tán, ọkọ rẹ̀ ń ná owó ilé sóde, ó sì ń nà án. Màmá ìjọ tó wà níwájú rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká: “Ìyá Táíwò, ẹ kú sí ara yín. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà.” Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe ọkọ. Àlùfáà kékeré tí wọn kò sanwó oṣù fún, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún un. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn sílẹ̀ ilé ìdáná bàbá alàgbà, bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ṣí Éfésù orí 5. Lóòótọ́, a ní kí aya tẹrí ba. Ṣùgbọ́n ta ni a wí fún níbẹ̀ pé kó fi ara rẹ̀ lélẹ̀ bí Kristi ṣe fi ara rẹ̀ lélẹ̀ fún ìjọ? Ọkọ ni. Òun ni ẹsẹ náà rán lọ sórí àgbélébùú, àwa sì ti fi obìnrin rọ́pò rẹ̀.

Fílípì orí 2 tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Kristi tó wà ní ipò Ọlọ́run ló bọ́ ipò sílẹ̀, tó gbé àwọ̀ ìránṣẹ́ wọ̀. Láti òkè ló ti ń bọ̀. Jòhánù orí 10 sì sọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi í lélẹ̀. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ènìyàn kì í ṣe ẹbọ. Ẹni tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kékeré, tí kò tíì mọ̀ pé òun jẹ́ ènìyàn, ó lè jẹ́ pé ìgbọ́ràn tirẹ̀ sí Kristi ni kó dìde, kó sọ̀rọ̀, kó kó ọmọ rẹ̀ jáde nínú ilé tí wọ́n ti ń nà án. Pọ́ọ̀lù tó ní a ti kan òun mọ́ àgbélébùú ló ké gbàjarè pé ọmọ ìbílẹ̀ Róòmù ni òun, nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án láìjẹ̀bi ní Jerúsálẹ́mù. Kò rí i bí ìgbéraga.

Kí wá ni gbígbé ìgbé ayé tí ọkàn wà lókè? Kólósè 3 bẹ̀rẹ̀ pé kí a gbé ọkàn lé ohun tí ń bẹ lókè, kó tó parí, ó ti dé ọ̀rọ̀ aya àti ọkọ, ọmọ àti baba, ẹrú àti ọ̀gá. Òkè tó sọ̀ kalẹ̀ dé ilé ìdáná ni. Ní ọ̀rúndún 17, ní ilé àwọn mọ́ńkì kan ní Paris, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Brother Lawrence ṣe alásè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó kọ́ àwọn tó wá bá a ni pé òun kò rí ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí òun kúnlẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti ìgbà tí òun ń yí ẹyin nínú páànù nítorí ìfẹ́ Rẹ̀. Ohun tó gba sùúrù nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún alásè.

Ẹ fi èyí wé bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àdúrà. Ó ti fi ọjọ́ méje mu omi nìkan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú. Ó dé ilé, ó rí i pé ọmọ ti ta omi sílẹ̀ ní pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti dé etí ọmọ náà kó tó bọ́ bàtà. Kò sí àrékérekè nínú bàbá yìí. Ó gbàdúrà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lórí òkè, kò sẹ́ni tó ta omi sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n wá ibi tí a ti ń dán ẹ̀kọ́ yìí wò nínú ìjọ, ibi tí àwọn aṣáájú ti ń gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn ni n óò lọ. Josiah Akíndayọ̀mí dá ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní 1952. Yorùbá ló fi ń wàásù, olùkọ́ ìṣirò kan ní yunifásítì, Enoch Adébóyè, sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá kú ní 1980. Ìwé tó fi sílẹ̀, tí wọ́n kà ní 1981 lẹ́yìn ikú rẹ̀, fi iṣẹ́ náà lé ògbufọ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ọmọ bíbí rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ti bá a jìyà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà á. Ohun tó ṣòro láti ṣe ni bàbá yẹn ṣe, pàápàá ní ilẹ̀ tí a ti ń kọ orúkọ ọmọ sí ìwé ilé ìjọsìn.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn ikú ni wọ́n ka ìwé náà. Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni kí ènìyàn gbé e sílẹ̀ lójú ayé rẹ̀. Nínú ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ wa, bí bíṣọ́ọ̀bù bá ti pé àádọ́rin ọdún, ó ní láti fẹ̀yìn tì. Kì í pẹ́ lẹ́yìn ìdágbére rẹ̀ tí ẹlòmíràn á fi jókòó sórí àga náà. Láìpẹ́, ẹni náà á yí àkókò ìsìn padà, á gbé akápò tí bàbá fọkàn tán kúrò, á dá iṣẹ́ ilé tí bàbá ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ ìjọ tó fẹ́ràn bàbá á wá bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní, “Bàbá, ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n ń ṣe?” Ìdáhùn tó bá fún wọn nírọ̀lẹ́ yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo àwẹ̀ tó ti gbà láti ìgbà èwe rẹ̀ lọ.